Iṣẹ́ Tí Wọ́n Rán An Gan-an Ni Kí Ó Jẹ́

Ìgbà kẹta tí bàbá mi béèrè pé, "Kí ni wọ́n ń sọ?" ni mo dá fíìmù náà dúró. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n. Etí wọn ni mo kọ́kọ́ fura sí. A ti mú wọn lọ fún àyẹ̀wò, dókítà sì sọ pé etí náà ṣì dára fún ẹni tó tó wọn lọ́jọ́ orí. Síbẹ̀, bí a bá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n lálẹ́, tí àwọn òṣèré bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bàbá á na ọrùn síwájú, wọ́n á gbé ọwọ́ sẹ́yìn etí. Bí mo bá gbé ohùn sókè kí wọ́n lè gbọ́, kò ní pẹ́ tí ìbọn yóò fi dún, ògiri á mì, màmá mi á sì ké láti inú yàrá pé kí la fẹ́ wó. Mo tún ti ń wá rìmóòtù nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú rísífà, ẹ̀rọ tí ń gba ohùn tó sì ń pín in fún àwọn sípíkà, mo ka ohun tó wà lójú rẹ̀, níbi tí àwọn lẹ́tà kéékèèké ti máa ń tàn. Ó ti tó ọdún méjì tí a ti rà á, n kò kà á rí. PCM 2.0 ló kọ síbẹ̀, ìyẹn ohùn ọ̀nà méjì tí wọ́n ti tú. Sípíkà márùn-ún ló yí wa ká nínú yàrá, pẹ̀lú ìkẹfà ńlá tí ń gbé ohùn ìsàlẹ̀. Ohùn ọ̀nà mẹ́fà, èyí tí wọ́n ń pè ní 5.1, ló wà nínú fíìmù tí à ń wò. Ṣùgbọ́n àpótí kékeré tí a fi ń wo fíìmù, tí wọ́n kọ "4K" gàdàgbà sí lórí, ti pa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ di méjì kí ó tó fi wọ́n ránṣẹ́. Méjì ni rísífà gbà, méjì náà ló sì fún wa.

Ohun tó jẹ́ kí èyí kan ọ̀rọ̀ ẹnu ju gbogbo ohun yòókù lọ ni pé sípíkà àárín, èyí tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ni wọ́n máa ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré sí nínú 5.1. Orin, òjò, ọkọ̀ àti ìbọn pín káàkiri àwọn yòókù. Nígbà tí ẹ̀rọ bá pa wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu á bọ́ sínú sípíkà ọ̀tún àti ti òsì, á sì máa bá orin àti ìbọn du àyè kan náà. Etí ọ̀dọ́ lè ṣa ọ̀rọ̀ jáde nínú ariwo bẹ́ẹ̀. Etí bàbá mi kò lè ṣe é mọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀bi etí náà. Mo wọ inú ètò àpótí náà, mo sọ fún un pé kí ó má ṣe tú ohùn mọ́, kí ó gbé e kọjá bó ṣe bá a nínú fáìlì. Ojú rísífà yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: Dolby Digital 5.1. Mo wá fi decibel mẹ́ta kún sípíkà àárín nìkan. Títí fíìmù fi parí, bàbá kò béèrè ohunkóhun.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rọ tuntun gan-an nìyẹn, nítorí nígbà tí mo gbé fíìmù mìíràn síi, tí ohùn tiẹ̀ jẹ́ Dolby TrueHD, àpótí náà dákẹ́ pátápátá. Kò lè gbé irú ohùn yẹn kọjá, kò sì lè tú u dáadáa.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe ọmọ ènìyàn nìyẹn, mo sì gbà á. Ṣùgbọ́n fún ẹ̀rọ tí ń mú fíìmù àti orin wọ inú ilé, òdì-kejì rẹ̀ ni mo fẹ́: iṣẹ́ tí wọ́n rán an gan-an ni kí ó jẹ́. Ẹni tó ṣe fíìmù ti pinnu iye àwòrán tí yóò kọjá lójú wa láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti pinnu bí òkùnkùn inú yàrá kan ṣe gbọ́dọ̀ dúdú tó, ó ti pinnu sípíkà tí òjò yóò ti máa rọ̀. Rísífà ló ni iṣẹ́ títú ohùn, tẹlifíṣọ̀n ló sì ni iṣẹ́ fífi àwòrán hàn. Àpótí tó wà láàárín ẹni tó ṣe fíìmù àti àwọn méjèèjì, ìránṣẹ́ ni. Kí ó má fi kún un, kí ó má yọ níbẹ̀, kí ó má dá ọgbọ́n ara rẹ̀ dá sí i.

Nígbà tí mo fi ojú yìí wo àwọn ẹ̀rọ tí mo ń yẹ̀ wò, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń kọ sára páálí di ohun tí kò kàn mí mọ́. Iye core tó wà nínú rẹ̀, bóyá ó lè gbé 8K, iye ap tí wọ́n ti kó síi tẹ́lẹ̀. "4K" fúnra rẹ̀ kò sọ púpọ̀. Ó lè túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà lè gba fíìmù 4K, kí ó sì tú u láìlọ́ra. Ó sì lè túmọ̀ sí pé ojú ewé ètò rẹ̀ nìkan ni yóò kún tẹlifíṣọ̀n 4K rẹ, nígbà tí fíìmù ń ta gìrìgìrì lábẹ́ rẹ̀.

Ìṣòro kejì, ojú mi ti rí i tipẹ́ kí n tó mọ ohun tó ń fà á. Bí kámẹ́rà bá ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ lórí pápá, tàbí bí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bá ń gòkè lẹ́yìn fíìmù, àwòrán náà á máa tiro. Kì í dúró, kì í já, ṣùgbọ́n kì í rìn tààrà. Mo kọ́kọ́ rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ni. Mo gbé fáìlì náà sínú flash, ó ṣì ń tiro.

Ìṣirò kékeré ló wà nídìí rẹ̀. Àwòrán 24 ni fíìmù sinimá ń fi hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹlifíṣọ̀n tí a ṣètò sí 60 Hz ń tún ojú rẹ̀ yà ní ìgbà 60. Bí a bá pín 60 sí ọ̀nà 24, méjì ààbọ̀ ni, kò sì sí bí a ṣe lè fi àwòrán hàn ní ìgbà méjì ààbọ̀. Nítorí náà, ẹ̀rọ á fi àwòrán kan hàn lẹ́ẹ̀mẹta, á fi èyí tó tẹ̀ lé e hàn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀kẹta lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀kẹrin lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ títí fíìmù fi parí. Ìgbésẹ̀ kan gùn, èkejì kúrú. Títiro tí mò ń rí gan-an nìyẹn.

Ìwòsàn rẹ̀ kò le: kí ẹ̀rọ náà sọ fún tẹlifíṣọ̀n pé kí ó bọ́ sí 24 Hz nígbà tí fíìmù bá bẹ̀rẹ̀, kí ó sì dá a padà nígbà tó bá parí. Ojú tẹlifíṣọ̀n á dúdú fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan á máa ṣàn. Apple TV 4K ti ní ètò yìí láti òpin ọdún 2017. Nínú Kodi, ap ọ̀fẹ́ tí a fi ń wo fíìmù tí a sì fi ń gbọ́ orin láti inú fáìlì, ẹ óò rí i nínú ètò ohun tó ń fi fídíò hàn, pé kí ó máa yí iye Hz padà bí fídíò bá bẹ̀rẹ̀ tàbí parí. Ọ̀pọ̀ àpótí kò ní in rárá, àwọn mìíràn ní in ṣùgbọ́n wọ́n pa á kí ẹ tó rà á. Ohun àkọ́kọ́ tí mò ń béèrè nìyẹn báyìí, ṣáájú ohunkóhun nípa àwòrán.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síi níbẹ̀, nítorí ibi tí ẹ̀rọ tó dára ti ń yàtọ̀ sí èyí tó gbìyànjú nìyí. Púpọ̀ nínú fíìmù tí a ń rí lórí àwo Blu-ray kì í ṣe 24 gẹ́lẹ́, 23.976 ni. Ìyàtọ̀ náà jọ ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá bọ́ sí 24 gẹ́lẹ́ fún fíìmù tó jẹ́ 23.976, kò ní pẹ́ tí àwòrán kò fi ní tó mọ́. Ní bíi ìṣẹ́jú àáyá 42 síra wọn, á ní láti fi àwòrán kan hàn lẹ́ẹ̀kan síi. Ẹ óò rí i bí ìkọsẹ̀ kékeré kan láàárín ìrìn tó dán. Mo fi aago wò ó lórí ọ̀kan nínú àwọn àpótí tí mo yá wò, ó ń ṣe é ní àsìkò tó yẹ kó ṣe é bí ìgbà tí wọ́n rán an. Tẹlifíṣọ̀n náà sì lè da ọ̀rọ̀ rú. Àwọn kan ní ètò tí ń dá àwòrán tí kò sí nínú fíìmù láti fi dí àyè láàárín méjì, kí gbogbo nǹkan lè máa dán bí eré tí wọ́n gbà ní sítúdíò. Èmi máa ń pa á. Àwòrán tí ẹnikẹ́ni kò yà kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán.

Ní ti ohùn, ọ̀nà tí ohùn gbà ṣe pàtàkì tó ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ọdún 2006 ni àwo Blu-ray jáde, ọdún yẹn náà sì ni HDMI 1.3, ẹ̀dà wáyà tí ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀, jáde, èyí tó kọ́kọ́ fi àyè gba Dolby TrueHD àti DTS-HD Master Audio kí wọ́n kọjá láìtú. Ohùn méjèèjì yìí ni a ń pè ní èyí tí kò pàdánù ohunkóhun: bí a bá tú u tán, gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú ohùn ìpilẹ̀ṣẹ̀ ló máa padà wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dolby Digital àtijọ́ yàtọ̀. Ó ti yọ ohun tó gbà pé etí kò ní gbọ́ kúrò, kò sì lè ju 640 kilobit lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Wáyà optical tí iná pupa ń tàn lẹ́nu rẹ̀, tí Toshiba gbé jáde ní 1983, kò lè gbé TrueHD tàbí DTS-HD Master Audio. Ọ̀nà méjì láìfún pọ̀, tàbí 5.1 tí a fún pọ̀, ni agbára rẹ̀ mọ. ARC, tó ń dá ohùn padà láti inú tẹlifíṣọ̀n gba ojú HDMI, kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. eARC, tó bá HDMI 2.1 wọlé ní 2017, ló tó ṣí ọ̀nà náà gbòòrò. Ìdí nìyí tí mo fi ń gba gbogbo ẹni tó bá bi mí nímọ̀ràn pé kí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ rísífà ní tààrà, kí rísífà sì so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹ bá so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kí ohùn tó yí padà wá sọ́dọ̀ rísífà, ẹ ti fi ẹnìkan síi sí àárín ìránṣẹ́ àti ẹni tí wọ́n rán an sí.

Bí rísífà yín bá ti dàgbà, tí kò gba àwòrán 4K, ẹ wá ẹ̀rọ tó ní ojú HDMI méjì: ọ̀kan fún àwòrán, ọ̀kan fún ohùn nìkan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ń lo àwo Ultra HD Blu-ray ní èyí. Ó gba rísífà àtijọ́ là lọ́wọ́ pípati.

Dolby Atmos ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, ó sì da èmi náà láàmú. Orúkọ kan ni, ìdì méjì. Lórí àwo, inú TrueHD ni ó sábà máa ń wà. Lórí àwọn iṣẹ́ tí ń ta fíìmù látorí íntánẹ́ẹ̀tì, inú Dolby Digital Plus ni, èyí tí wọ́n ti fún pọ̀ tí wọ́n sì ti yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ lè kọ Atmos sára páálí nítorí pé ó ń gbé èkejì, kí ó má lè gbé èkíní rárá. Nítorí náà, orúkọ Atmos kọ́ ni mo máa ń wá nínú ìwé àlàyé ẹ̀rọ. TrueHD ni mo máa ń wá, mo sì máa ń wá a pẹ̀lú ọ̀rọ̀ "passthrough", ìyẹn gbígbé kọjá láìtú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Orin ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àwo CD gba ohùn sílẹ̀ ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fídíò ń lo 48,000. Ọ̀pọ̀ àpótí Android ń kó gbogbo ohùn gba ibi kan tó ti di 48,000, yálà orin ni tàbí fíìmù. Ẹ̀rọ náà á wá máa ṣírò ohùn tuntun tí ẹnikẹ́ni kò gbà sílẹ̀. Mo ní àwo orin tó lé ní 300 tí mo fi ọwọ́ ara mi sọ di fáìlì FLAC, irú èyí tí kì í pàdánù ohunkóhun, ní ọdún kan tí àìsàn dá mi jókòó sílé, mo kọ orúkọ olórin àti ọdún sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹ̀rọ kankan ṣe àtúnṣe tí n kò bẹ̀ ẹ́ sí. Mo máa ń wo ojú rísífà: bí ó bá kọ 44.1 nígbà tí orin CD ń lọ, ọkàn mi á balẹ̀. Bí 48 bá hàn, mo mọ̀ pé ẹnìkan ti tú lẹ́tà kà lójú ọ̀nà.

Àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ níwájú èrò ni mo fi ń dán nǹkan mìíràn wò. Níbẹ̀, orin kan ń wọ inú òmíràn, àtẹ́wọ́ ń bá a lọ láìdá. Ẹ̀rọ tí kò mọṣẹ́ á dákẹ́ fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá láàárín orin méjì, àtẹ́wọ́ náà á gé bí ẹni fi ọbẹ gé e. Àìpé kékeré ni lójú ẹlòmíràn. Èmi ò lè bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbé.

Ní ti àwọ̀, n ó sọ díẹ̀. Fídíò bíìtì 8 ní ìpele 256 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Ti bíìtì 10 ní 1,024. Ibi tí ìyàtọ̀ náà ti ń hàn jù ni ojú ọ̀run nígbà tí oòrùn ń wọ̀: lórí bíìtì 8, ẹ lè rí ìlà bí àtẹ̀gùn níbi tó yẹ kí àwọ̀ ti máa yọ́ sínú ara wọn. HDR10 àti Dolby Vision, tí wọ́n jẹ́ oríṣi HDR, wá fi ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn tó jinlẹ̀ síi kún un. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ni ẹ̀rọ tó máa ń sọ gbogbo nǹkan di HDR, títí kan eré àtijọ́ tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú àwọn ènìyàn á pọ́n, ògiri funfun á máa tàn bíi gílóòbù. Ẹ̀rọ tó tọ́ máa ń bọ́ sí HDR fún fíìmù HDR nìkan, ó sì máa ń jáde nígbà tó bá parí.

Bí wọ́n ṣe fún fídíò pọ̀ náà kò ní gbà wá lákòókò. H.264 ti wà láti 2003, gbogbo ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n. HEVC jáde ní 2013, òun ni àwo 4K ń lò; kí ẹ̀rọ tú u láti inú chip fúnra rẹ̀, ní bíìtì 10, ẹ má gba ohun tó kéré síyẹn. AV1 dé ní 2018, íntánẹ́ẹ̀tì ló sì ń lò ó jù. Bí fáìlì tàbí àwo ni ẹ fẹ́ máa wò, àìsí AV1 kò gbọdọ̀ dí yín lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó dára.

Bí ẹ̀yin bá jẹ́ ẹni tí ń kó fáìlì ńlá jọ bíi tèmi, ibi tí ẹ kó wọn sí àti wáyà tó so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ yóò yọ yín lẹ́nu kí ẹ̀rọ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Fíìmù wákàtí méjì tó ń lọ ní megabit 80 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gigabyte 72 ni. Mo gbìyànjú láti da irú rẹ̀ sínú hard drive kan, ó kọ̀. Àyè wà nínú rẹ̀ yanturu. FAT32 ni wọ́n fi ṣètò drive náà, FAT32 kì í sì gba fáìlì kan tó tó gigabyte mẹ́rin. Mo tún un ṣètò sí exFAT, ó gbà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀rọ yín mọ exFAT tàbí NTFS kà.

Ojú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì lára ẹ̀rọ náà, ẹ béèrè bóyá gigabit ni tàbí megabit 100. Àwo Ultra HD Blu-ray lè sáré tó megabit 128 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan níbi tí eré bá ti gbóná, nítorí náà ojú megabit 100 á há mọ́ ọn lọ́fun, àwòrán á dúró gan-an níbi tí ẹ kò fẹ́ kó dúró. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ṣì ń jáde pẹ̀lú ojú megabit 100. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo rí i pé Wi-Fi tẹlifíṣọ̀n wa yá ju wáyà rẹ̀ lọ.

Ẹni tó jẹ́ pé Netflix àti irú rẹ̀ nìkan ló ń wò kò nílò gbogbo wàhálà yìí. Megabit 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni Netflix ní kí a ní fún 4K. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni àṣẹ. Widevine ni orúkọ àgádágodo tí Google ṣe fún àwọn ẹ̀rọ Android; ẹ̀rọ tó ní ìpele L1 lè gba àwòrán tó mọ́ kedere, èyí tó jẹ́ L3 nìkan ni wọn kì í fún ní HD lórí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọ̀nyí, bó ti wù kí agbára rẹ̀ tó. Ap ọ̀fẹ́ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ DRM Info tí yóò sọ èyí fún yín ní ìṣẹ́jú kan. HDCP 2.2, àgádágodo ojú HDMI, náà wà níbẹ̀: ẹ̀rọ, rísífà àti tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ ní in, gbogbo wọn. Bí ọ̀kan kò bá ní in, 4K kò ní kọjá.

Kí ni mo wá rà? Mo kó fáìlì mẹ́rin sínú flash kan: kámẹ́rà tó ń rìn lórí pápá ní 23.976, fíìmù tí ohùn rẹ̀ jẹ́ TrueHD, ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́ ní HEVC bíìtì 10, àti àwo orin níwájú èrò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé flash náà káàkiri ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ àti ẹbí tó ní ẹ̀rọ, mo ń bẹ̀ wọ́n kí n lo ìdajì wákàtí. Àbúrò mi ní Nvidia Shield TV Pro ti 2019. Ó gbé TrueHD kọjá, ojú wáyà rẹ̀ jẹ́ gigabit, ó ní Dolby Vision, àwọn iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì sì wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ pípé. Fún ẹni tó fẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo fún gbogbo nǹkan, òun ni mo rí tó sún mọ́ ọn jù. Kò tú AV1 láti inú chip rẹ̀, mo sì ti sọ ojú tí mo fi ń wo ìyẹn.

Ṣùgbọ́n Raspberry Pi 4 ni èmi lò fún fáìlì. Kọ̀ǹpútà kékeré tó jáde ní 2019 ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. LibreELEC ni mo gbé sórí rẹ̀, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó ṣí Kodi lọ. Láti ẹ̀dà 10 tó jáde ní 2021, ó ń gbé TrueHD àti DTS-HD kọjá lórí Pi 4, ó sì ń fi HDR10 hàn. Dolby Vision kò sí níbẹ̀. Mo gba ìyẹn gẹ́gẹ́ bí ohun tí mo pàdánù, nítorí tẹlifíṣọ̀n wa kò ní in náà. Gbogbo fáìlì mẹ́rin ló yege. Nígbà tí àtẹ́wọ́ inú àwo orin náà kọjá láti orin kẹta sí ìkẹrin láìdá, mo dá a padà, mo tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Fún àwọn fíìmù tí a fẹ́ràn gan-an, mo ra ẹ̀rọ tí ń lo àwo Ultra HD Blu-ray. Irú ẹ̀rọ yìí ń dín kù. Oppo, tí àwọn tó bìkítà fún ohùn fẹ́ràn jù, ṣíwọ́ ṣíṣe tirẹ̀ ní 2018. Àmọ́ àwo máa ń dùn mọ́ bàbá mi. Wọ́n á mú un jáde nínú páálí rẹ̀, wọ́n á fi í sínú ẹ̀rọ fúnra wọn, fíìmù á bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ aṣínà, kò sí ap tó ń béèrè pé kí a tún òun ṣe.

Kodi tún ràn mí lọ́wọ́ níbi tí n kò retí. Mo máa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn fíìmù kan sí Yorùbá fún màmá mi, tí mo ń kọ ọ́ sínú fáìlì SRT, èyí tí ń fi ọ̀rọ̀ hàn nísàlẹ̀ àwòrán. Lórí àpótí àtijọ́, gbogbo lẹ́tà tó ní àmì ń di igun mẹ́rin òfìfo: "ọ̀rẹ́" á di r kan láàárín àpótí méjì. Ohun méjì ló yẹ kó bára mu, kí fáìlì náà jẹ́ UTF-8, ọ̀nà ìkọ̀wé tó gba àmì Yorùbá, kí fọ́ǹtì ẹ̀rọ sì ní àmì ìsàlẹ̀ àti ti òkè. Kodi jẹ́ kí n yan fọ́ǹtì tí mo fẹ́. Màmá mi kà á, wọ́n sì tọ́ka sí ibi méjì tí mo ti fi àmì ohùn sí ibi tí kò yẹ. Inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí ó túmọ̀ sí pé wọ́n ń rí àwọn àmì náà.

Ohun kan ló kù tí mo ṣì ń tún ṣe. Tẹlifíṣọ̀n máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó fi àwòrán hàn, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe lórí rẹ̀, ohùn á sì ti dé ṣáájú. Ètò tó ń dá ohùn dúró wà nínú rísífà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti millisecond 40, mo lọ sí 60, mo wà ní 80 báyìí. Ní alẹ́ àná, bàbá wo ẹnu òṣèré kan fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní ó ti ń bára mu, àmọ́ kí n fi díẹ̀ síi. N ó gbìyànjú 90 lálẹ́ òní.